Ìlà Funfun Tí Ọkọ̀ Òfurufú Ń Fà Lójú Ọ̀run

 

Ẹ gbé ojú sókè ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ lè wà lóko láàárín Ìpòbẹ́ àti Ṣakétẹ́, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Pobè àti Sakété. Ẹ lè wà ní ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ń dán bí abẹ́rẹ́, tó ń lọ lókè réré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà funfun kan wà. Ìlà náà gùn, ó sì tọ́ bí okùn bíríkìlà. Àwọn ọmọdé á pariwo. Àwọn àgbà á dúró wò ó, wọ́n á sì bi ara wọn pé: « Kí ni èyí? »

Nínú àròkọ yìí, a ó sọ ohun tí ìlà náà jẹ́. A ó sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ̀ ọ́n. A ó sì sọ ìdí tí ó fi yẹ kí àwa tí a ń gbé lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KÍLÁÀSÌ WA

Èmi tí mo ń kọ èyí, olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí. Ìwé ẹ̀rí CEP ni mo ní. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ tó mú mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa tó ti lé ní 60 ọdún. Ó ní àgbá ńlá kan tó fi ń gba omi òjò láti orí páànù ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, àgbá náà sì ti kún. Ẹnì kan wá gbé fóònù dé àdúgbò. Ohùn kan wà nínú WhatsApp tó ń sọ pé májèlé ni àwọn kan ń fi ọkọ̀ òfurufú dà sórí wa, pé òun ni ìlà funfun tí à ń rí. Ohùn náà ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi òjò mọ́.

Ìyá wa gbọ́, ẹ̀rù bà á. Ó da omi inú àgbá náà nù, kò ku ẹ̀kán kan. Ó wá ń pọn omi odò tó wà nísàlẹ̀ abúlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òru ni wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè.

Nígbà tí ìyá padà wá sí kíláàsì, ó bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé: « Olùkọ́, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìlà funfun yẹn? »

N kò mọ̀. Ojú sì tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo dáhùn pé: « Èéfín epo ni, ìyá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. » Ìdáhùn mi kò tọ̀nà. Mo fi àìmọ̀ dáhùn àìmọ̀. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Nígbà tí mo délé, n kò lè sùn. Mo lọ bá olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní kọlẹ́ẹ̀jì. Mo béèrè, mo sì kàwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí.

Ẹ̀RÙ NÁÀ NÍ ÌTÀN

Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ìyá yìí ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí ló ń sá fún ekòló. Ojú àwọn òbí wa ti rí ohun tó ti inú ọkọ̀ òfurufú jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnu. Àwọn ọmọ ogun àfowórà ló wà nínú rẹ̀. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Bob Denard ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mathieu Kérékou. Wọ́n yìnbọn nínú ìlú, àwọn ènìyàn sì kú. Àwọn ọmọ ogun wa dojú kọ wọ́n. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n sá padà sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu láti rán àwọn aṣojú wá ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà.

A kò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá mi ló sọ fún wa pé, láti ọjọ́ yẹn, bí ìró ọkọ̀ òfurufú bá dún, iṣẹ́ á dúró lóko. Gbogbo ojú á lọ sókè. Bí ọkọ̀ náà bá wá ń fa ìlà funfun, àwọn kan á ní àmì ogun ni. Wọ́n á ní ọ̀nà ló ń là fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ rí i pé ẹ̀rù náà kò ti òfo wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1977 ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà funfun kò bá a tan. Kí a lè mọ ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn sí i.

ÀWỌN BÀBÁ ŃLÁ WA RÍ ỌKỌ̀, WỌN KÒ RÍ ÌLÀ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọkọ̀ òfurufú nínú àpótí gba orí òkun wá sí Takoradi. Ìlú yìí wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n á to ọkọ̀ náà pọ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ á fò lọ sí Èkó, á dé Kano, á dé Maiduguri, á kọjá sí Khartoum, títí dé Cairo ní Íjíbítì, níbi tí ogun wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló gba ọ̀nà yìí kí ogun tó parí.

Èkó kò jìnnà sí wa. Láti Ṣakétẹ́ tàbí láti Ìpòbẹ́, ká ní ẹyẹ ni ẹ jẹ́, ẹ kò ní fò tó 100 kìlómítà kí ẹ tó dé pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìgbà náà tó ń fò lọ sí Kano kì í fa ìlà funfun. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kì í fò ga púpọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbà kò tutù tó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń fa ìlà. Ibi tí ọkọ̀ gbà ló ń fà á.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ RÍ I

Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí ìlà yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1918, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jà ní ilẹ̀ Faransé gbé ojú sókè. Wọ́n rí ìlà funfun gígùn lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ òfurufú. Ẹnu yà wọ́n. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹnu ṣe ń ya àwa náà nìyẹn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Àwọn ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù ní ilẹ̀ Yúróòpù ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 8 sókè, nínú òtútù líle. Ìlà funfun tí wọ́n ń fà ń tú wọn fó. Ọ̀tá tó wà nílẹ̀ lè má rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìlà. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ní 1941, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ernst Schmidt ṣe ìṣirò bí ìlà náà ṣe ń wáyé. Ní 1953, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Appleman mú ìṣirò náà gbòòrò sí i, kí awakọ̀ òfurufú lè mọ̀ ṣáájú ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti fa ìlà. Ìṣirò yẹn ni wọ́n ṣì ń lò lónìí.

Ẹ kíyè sí i: àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun kò fẹ́ ìlà náà rárá. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí kò fi ní wáyé. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń dà ni, wọn ì bá kàn ṣíwọ́ dídà á.

BÍ ÌLÀ NÁÀ ṢE Ń WÁYÉ

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ẹyìn láti fi ṣe epo, ojoojúmọ́ lẹ ń rí ìdáhùn náà. Nígbà tí omi bá ń hó nínú ìkòkò tí a dé, oru omi á máa jáde létí ọmọrí. Ẹ wò ó dáadáa. Ní etí ọmọrí gan-an, ẹ kò ní rí nǹkan funfun kankan. Bí oru náà bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ìgbà náà ni yóò di funfun. Kí ló fà á? Oru omi tó gbóná kò ṣeé fojú rí. Nígbà tó bá pàdé afẹ́fẹ́ tó tutù, ó di ẹ̀kán omi kéékèèké. Àwọn ẹ̀kán yẹn ni ojú wa ń rí ní funfun.

Ẹ tún wo ẹni tó ń ta yìnyín. Bó bá ṣí fíríjì rẹ̀, ohun funfun bí ìkùukùu á tú jáde. Kò sí iná tó ń jó níbẹ̀. Omi tí a kò rí nínú afẹ́fẹ́ ilé ló pàdé òtútù.

Bákan náà ló rí lókè. Epo tí ọkọ̀ òfurufú ńlá ń jó fara jọ epo àtùpà. Nígbà tí epo bá ń jó, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń darapọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí iná fà mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì di omi. Ó lè yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: bí kílò epo 1 bá jó, nǹkan bíi kílò omi 1.25 ló ń jáde. Oru tó gbóná ni omi yìí, ojú kò rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òtútù òkè. Gbogbo wa la rò pé bí a bá sún mọ́ oòrùn, ooru yóò pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gòkè ní kìlómítà kan, ooru máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6. Òdo ni ìwọ̀n tí omi ti ń di yìnyín. Bí ìwọ̀n ooru bá jẹ́ 30 nílẹ̀ ní Ìpòbẹ́, ní kìlómítà 12 sókè, yóò ti lọ ju ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Kò sí fíríjì ọjà kankan tó tutù tó bẹ́ẹ̀.

Oru omi láti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú òtútù yìí lójijì. Ó lẹ̀ mọ́ eruku dúdú kéékèèké tó ń bá èéfín jáde, irú èyí tó máa ń dú gíláàsì àtùpà. Lójú ẹsẹ̀, ó di yìnyín wẹ́wẹ́. Yìnyín wẹ́wẹ́ yẹn, tí oòrùn ń tàn sí, ni ìlà funfun tí ẹ ń rí.

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dáadáa, ẹ ó rí àlàfo díẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí àlàfo tó wà létí ọmọrí ìkòkò. Oru kò tíì di funfun níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ìyá kò tọ̀nà. Lóòótọ́, èéfín ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, bí ó ti ń jáde lára mọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun funfun tí ojú ń rí, omi tó di yìnyín ni. Ẹbí kan náà ni òun àti àwọsánmà.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÌLÀ KÒ FI JỌRA?

Àwọn ìlà kan kúrú. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni wọ́n ń parẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí fi hàn pé afẹ́fẹ́ òkè gbẹ. Yìnyín náà di oru padà, bí aṣọ tí a sá nígbà ọyẹ́ ṣe ń tètè gbẹ.

Àwọn ìlà kan máa ń pẹ́. Wọ́n á máa fẹ̀ sí i títí wọ́n á fi dà bí òwú tí a ya. Èyí fi hàn pé omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ òkè. Yìnyín náà kò rí ibi gbẹ sí. Bí aṣọ ṣe ń pẹ́ lórí okùn nígbà òjò nìyẹn.

Àwọn ọkọ̀ kan kò sì ní ìlà rárá. Àwa tí a ń gbé ní agbègbè yìí mọ èyí dáadáa. Ọkọ̀ tó fẹ́ balẹ̀ ní Èkó tàbí ní Kútọnu ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra níbẹ̀ kò tíì gòkè tán. Ibi tí wọ́n wà kò tíì tutù tó. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí kò ní nǹkan ṣe ní Èkó tàbí Kútọnu, ló sábà máa ń wà ní kìlómítà 10 sí 12 sókè. Òun ló lè fa ìlà. Nítorí ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ ní láti ga gan-an níbí kí ìlà tó wáyé. Ìdí nìyí tí ìlà fi wọ́pọ̀ ní ojú ọ̀run Yúróòpù ju tiwa lọ.

NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ BÁ LA ÀWỌSÁNMÀ

Ohun mìíràn wà tí àwọn díẹ̀ nínú yín lè ti rí. Àwọsánmà tẹ́ lójú ọ̀run, ó tín-ín-rín, ó rí wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ wá rí ihò róbótó kan láàárín rẹ̀, tàbí ojú ọ̀nà gígùn kan bí ìgbà tí ènìyàn fi àdá la igbó. Níbí, ọkọ̀ kò fa ìlà funfun. Ó pa ohun funfun rẹ́ ni.

Báwo nìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀? Nínú irú àwọsánmà bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán omi wà tó ti tutù kọjá òdo ṣùgbọ́n tí kò tíì di yìnyín. Omi lè ṣe bẹ́ẹ̀ lókè. Ó ń dúró de ohun tí yóò mú un dì. Ọkọ̀ òfurufú wá kọjá. Ìyẹ́ rẹ̀ gé afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó wà lórí ìyẹ́ náà fẹ̀, ó sì tutù sí i lójijì. Àwọn ẹ̀kán kan di yìnyín. Ará Síwídìnì kan tó ń jẹ́ Tor Bergeron ti ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1930 pé bí yìnyín àti ẹ̀kán omi bá wà pọ̀ nínú àwọsánmà, yìnyín ni yóò máa dàgbà, ẹ̀kán omi yóò sì máa gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín náà ṣe ń tóbi títí yóò fi wúwo, tí yóò sì já bọ́. Ibi tó ti kúrò di ihò.

Ní 2011, Andrew Heymsfield àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ihò yìí. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ tó ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú máa ń fà á. Ẹ rí i báyìí: ọkọ̀ tí kò tíì ga tó láti fa ìlà funfun lè lu ihò sára àwọsánmà.

ṢÉ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ LÈ GBA ÒJÒ LỌ́WỌ́ WA?

Nígbà tí òjò bá pẹ́, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń sọ pé ọkọ̀ òfurufú ló gé òjò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè fi àkókò gbíngbìn ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò láìṣe ojúsàájú.

Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn ti fi ọkọ̀ òfurufú wá òjò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1946, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Vincent Schaefer fi ọkọ̀ gòkè ní Massachusetts. Ó da irú yìnyín kan tó tutù ju ti omi lọ sínú àwọsánmà. Yìnyín wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú àwọsánmà náà, ṣùgbọ́n ó gbẹ kó tó dé ilẹ̀. Nítòsí wa níbí, ìjọba Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 1998, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Mòrókò. Wọ́n pè é ní Saaga. Òjò ni Saaga túmọ̀ sí ní èdè àwọn Mosi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò lè dá òjò. Àwọsánmà tó ti fẹ́ rọ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Níbi tí kò bá sí àwọsánmà, ọwọ́ wọn ṣófo. Ìjọba ló sì kéde iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìlú. Wọn kò ṣe é níkọ̀kọ̀.

Ọkọ̀ èrò tó ń kọjá kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Bí òjò bá rọ̀ tó 10 mìlímítà lórí hẹ́kítà oko kan ṣoṣo, omi tó bọ́ síbẹ̀ jẹ́ 100,000 lítà. Omi tí ọkọ̀ òfurufú ńlá kan ń mú jáde ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 10,000 lítà, ó sì ti fọ́n ọn ká sí ọ̀nà tó jẹ́ 900 kìlómítà. Kí ni ìyẹn já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò? Òjò tiwa, láti orí òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé omi rẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fún wa ní òjò ńlá láti oṣù kẹta títí di oṣù keje, àti òjò kékeré láti oṣù kẹsàn-án. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá pẹ́, òjò á pẹ́. Ìlà funfun kò lè dá a dúró.

OHUN TÓ YẸ KÁ KỌMINÚ SÍ

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé ìlà náà kò ní wàhálà kankan. Ó ní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ohùn inú fóònù sọ.

Ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, bí kò bá sí àwọsánmà lóru, òtútù máa ń mú. Bí àwọsánmà bá bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ á móoru títí di àárọ̀. Àwọsánmà dà bí aṣọ ìbora. Ìlà funfun tó pẹ́, tó sì fẹ̀, di aṣọ ìbora pẹ̀lú. Ó ń ṣíji bò wá díẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ń dá ooru ilẹ̀ dúró lọ́sàn-án àti lóru. Ooru tó ń dá dúró ló pọ̀ jù.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìṣirò wọn jáde. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú ló fa nǹkan bíi 3.5 nínú 100 ooru tí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn ń fi kún ayé. Nínú èyí, wọ́n fojú bù ú pé ìlà funfun àti àwọsánmà tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló kó ju ìdajì lọ. Ní 2023, Google àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú American Airlines dán nǹkan kan wò nínú ìrìn àjò 70. Wọ́n ní kí awakọ̀ gòkè díẹ̀ tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó lè yẹra fún ibi tí omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ìlà tí wọ́n fà dín ní 54 nínú 100. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, láti dín in kù.

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Ìpòbẹ́ àti Ṣakétẹ́ kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Síbẹ̀, bí ayé bá ń gbóná, oko wa wà nínú rẹ̀. A ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pariwo májèlé tí kò sí, ta ni yóò gbọ́ wa nígbà tí a bá sọ ohun tó wà?

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá tún rí ìlà funfun lójú ọ̀run, ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka ìwé. Bó bá kúrú, afẹ́fẹ́ òkè gbẹ ni. Bó bá pẹ́ tó sì fẹ̀, omi pọ̀ lókè ni. Bó bá jẹ́ ihò nínú àwọsánmà, ẹ̀kán omi ló di yìnyín tó já bọ́. Bí ẹnì kan bá sì gbé ohùn wá nínú fóònù, ẹ bi í pé: « Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Níbo la ti lè kà á? » Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má tíì da omi yín nù.

Mo padà lọ bá ìyá wa nílé. Mo sọ fún un pé ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́sí kò tọ̀nà. Mo gbé ìkòkò omi kaná níwájú rẹ̀, mo fi ọmọrí dé e, a sì jọ wo oru náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní: « Ẹ̀mí ọmọ mi ni mo fẹ́ dáàbò bò tí mo fi da omi nù. » Mo ní: « Mo mọ̀, ìyá. »

Lónìí, ó tún ń gba omi òjò. Ó máa ń jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù dànù kó tó gbé àgbá sí i. Ó fi ọmọrí dé àgbá náà kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin síbẹ̀. Ó sì máa ń se èyí tí àwọn ọmọ yóò mu. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ

1. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan tó rántí rẹ̀.
2. Kí ló dé tí oru omi kò fi funfun létí ọmọrí ìkòkò?
3. Kí ló dé tí ọkọ̀ tó fẹ́ balẹ̀ ní Èkó kì í fi fa ìlà funfun?
4. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ti gbọ́ nínú fóònù tó bà yín lẹ́rù? Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?